Kí Pámíìtì Má Sùn, Kí Aláìsàn Lè Sùn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mínísítà Ètò Ìlera àti Ọ̀gá Àgbà NAFDAC

Ọlọ́lá jùlọ, Mínísítà fún Ètò Ìlera, Àbújá,
Ọ̀gá Àgbà, Àjọ NAFDAC,

    Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìrora wọlé tọ̀ yín. Àdúrà yìí ti inú mi lọ́hùn-ún wá, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Apoògùn ni mí. Mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ náà, apá kan nílé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ní Ìlúpéjú níbí, apá kan ní ṣọ́ọ̀bù ara mi, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé mi kò jìnnà sí Coker Road, níbi tí ìró ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ ti máa ń jí wa kí àkùkọ tó kọ. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ oògùn lẹ́nu èrò ọkọ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ méjì ti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo ti kọ orúkọ ẹni tó gbà á, iye tó gbà, ọjọ́ tó gbà á àti dókítà tó fọwọ́ sí i sínú ìwé ńlá, mo sì ti dúró kí òṣìṣẹ́ ìjọba ka hóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú mi. N kò bínú sí i nígbà náà, n kò sì bínú sí i lónìí.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí ni ikú àbúrò mi obìnrin.

Ata àti tòmátì ló ń tà ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin. Jẹjẹrẹ ọmú ló mú un, nígbà tí a ó sì fi mọ̀, ó ti wọ inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbé e wá sílé mi kí n lè máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ oníṣègùn mọ bí jẹjẹrẹ inú eegun ṣe ń ṣe èèyàn. Fún ẹni tí kò mọ̀: kò lè dùbúlẹ̀, kò lè jókòó, bí a bá sì fi aṣọ kan ara rẹ̀ lásán, á ké. Òru mọ́kànlá ni kò fi sùn. Dókítà wá kọ mọ́fíìnì onímu fún un, èyí tí a fi ìyẹ̀fun rẹ̀ po omi, tí aláìsàn ń mu díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. A rí ìgò kìíní gbà. Àbúrò mi mu ún ní ìrọ̀lẹ́, ó sì sùn mọ́jú.

Nígbà tó jí, ó ní òun fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín. Ọjọ́ kẹta, ó ní kí n pe ọmọbìnrin tó ń bá òun mójú tó ìsọ̀ wá kí àwọn jọ ṣírò owó. Wọ́n ṣírò owó títí, wọ́n jà lórí owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan, ohùn àbúrò mi sì dé ìta. Mo wà ní kíṣíìnì, mo ń sunkún ayọ̀, nítorí obìnrin tí mo mọ̀ látilẹ̀ ti padà dé.

Ìgò náà tán. A padà sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní oògùn náà ti tán, pé àwọn ń retí òmíràn. Ìgbà wo? Kí a máa yọjú. Mo lọ sí ibòmíràn, mo tún lọ sí ibòmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn kankan, nítorí ẹ̀bi wọn kọ́ ni mo wá sọ. Apoògùn tó dá mi lóhùn kò lè gbé ojú sókè wò mí. A padà sórí àwọn oògùn tó kéré sí ìrora náà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni àbúrò mi fi jẹ̀rora kó tó kú. Ní ọ̀kan nínú àwọn òru náà, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ apoògùn, ṣé ẹ̀yin náà ò rí i ni?”

Ọlọ́lá jùlọ, láti yàrá tí àbúrò mi dùbúlẹ̀ sí dé ilé ìkóògùn-pamọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, kò jìnnà rárá. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá sí, kí èèyàn tó ka owó dáńfó tán, ó ti dé. Ibẹ̀ ni ètò ìlú wa sọ pé kí mọ́fíìnì gbogbo Nàìjíríà ti máa jáde. Bí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò bá ń kú fún òùngbẹ, báwo ni ti ẹni tó wà ní Sókótó àti Màídúgùrì ṣe máa rí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà tí oògùn yìí ń gbà wọlé, nítorí ará ìlú tó máa bá yín ka ìwé yìí. Mọ́fíìnì kì í ṣe Panadol tí oníṣòwò lè lọ gbé ní kọ̀ǹténà. Àdéhùn kan tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé bá ara wọn ṣe lórí oògùn olóró ní 1961 ló ń darí rẹ̀, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn náà, kí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà tó kọjá lọ́dọọdún, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí INCB, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń bójú tó oògùn olóró, ní Vienna láti sọ iye gíráàmù tí àwọn aláìsàn rẹ̀ máa nílò ní ọdún tó ń bọ̀. Iye tí a bá kọ ni ààlà wa. Bí a bá rí i láàárín ọdún pé ó kéré, a láǹfààní láti kọ àfikún ránṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni pámíìtì. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, tí òfin ọdún 1993 gbé agbára lé lọ́wọ́, máa kọ ìwé àṣẹ ìkówọlé. Ẹ̀dà rẹ̀ máa lọ sí orílẹ̀-èdè tí a ti fẹ́ rà á. Ìjọba ibẹ̀ náà máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ohun tó wà ní Vienna mu, wọ́n á wá kọ ìwé àṣẹ tiwọn kí ẹrù tó gbéra. Ìwé kan fún ẹrù kan. Bí ẹrù yẹn bá tán, àtùnbẹ̀rẹ̀ ni.

N kò ní kí ẹ wó ọ̀nà yìí. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nínú gbogbo ohun tí à ń kó wọ orílẹ̀-èdè yìí, bí ìrẹsì bá tán lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ẹlòmíràn ní i. Bí sìmẹ́ńtì ilé-iṣẹ́ kan bá wọ́n, tẹlòmíràn á jáde. Ti mọ́fíìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ń rà á wọlé, kò sí ẹni tí òfin gbà láyè láti dí àlàfo náà bí ìjọba bá falẹ̀. Ẹni tó bá ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni kí gbogbo ilé máa gbà wọlé, òun náà ni kò gbọdọ̀ sùn gbàgbé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lápò.

Ohun kejì tún wà tó burú ju ìfàsẹ́yìn lọ. Iye tí à ń kọ ránṣẹ́ sí Vienna, orí iye tí a lò lọ́dún tó kọjá la máa ń gbé e lé. Bí oògùn kò bá sí, dókítà kò ní kọ ọ́. Bí dókítà kò bá kọ ọ́, ìwé á fi hàn pé a kò lò ó. Bí ìwé bá ti fi hàn pé a kò lò ó, ẹni tó ń ṣírò á ní díẹ̀ tó wa. Díẹ̀ yẹn á tún tètè tán. Dókítà tí kò rí i kọ fún ọdún méjì kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ mọ́, ẹ̀rù rẹ̀ á sì máa bà á. Báyìí ni ìlú ńlá bíi tiwa ṣe wà lára àwọn tó kéré jù nínú ìwé tí INCB ń tẹ̀ jáde lórí iye oògùn ìrora tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń lò, bí ẹni pé egungun wa kì í ro wá bí ti àwọn ará Jámánì.

Ní 2017, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní nínú tọ́ọ̀nù 298.5 irú oògùn yìí tí ayé ń pín lọ́dún kan, gbogbo orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù pátápátá kò rí ju tọ́ọ̀nù 0.1 lọ. Mo fi bírò ṣe ìṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ìwé: kílò ọgọ́rùn-ún ni. Àpò sìmẹ́ńtì méjì. A kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n pè ní atòṣì jù yẹn o. Nítorí náà, kò tilẹ̀ sí ohun tí a lè fi ṣàwáwí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, nítorí èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ẹ máa ní, “Ìyá, ṣé ẹ ò rí ohun tí oògùn ń fi àwọn ọmọ wa ṣe ni?” Mo rí i. Ìlúpéjú ni mò ń gbé, Mushin sì lẹ́yìnkùlé wa. Ta ni kò mọ Akálà, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn olóró níbẹ̀? Ta ni kò tíì rí ọmọ ogún ọdún tó dúró síbi kan láàárín òpópónà, tí ojú rẹ̀ kò sí láyé mọ́, tí tramadol ń gbé e kiri? Ìwádìí tí ìjọba àti UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé lórí oògùn olóró, gbé jáde ní 2019 sọ pé èèyàn tó tó mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. N kò fojú kéré rẹ̀. Nígbà tí BBC gbé fíìmù rẹ̀ jáde lórí omi ikọ́ oníkódíìnì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, tó jẹ́ mínísítà nígbà náà, sì pàṣẹ fún NAFDAC ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2018 pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní pámíìtì mọ́ láti kó kódíìnì omi ikọ́ wọlé, mo wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́. Mo kó èyí tó kù lórí pẹpẹ mi kúrò ní ọjọ́ tí mo gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ó kọ́ wa pé ìjọba wa lè yára. Ọjọ́ kan péré tó láti fi ọwọ́ síwèé kí pámíìtì kan dá dúró jákèjádò Nàìjíríà. Irú ọwọ́ tó lè yára tì í, ó yẹ kó lè yára ṣí i. Kì í ṣe mọ́fíìnì tí dókítà kọ fún ìyá arúgbó tí jẹjẹrẹ ń jẹ ló ń ba àwọn ọmọ Akálà jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń mu kò gba ọ̀dọ̀ INCB kọjá, kò sì ní pámíìtì kankan. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń gbà wọlé. Aláìsàn tó gba ẹnu ọ̀nà wá ni à ń dá padà.

Àdéhùn 1961 gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí. Kó tó mẹ́nu ba ewu, ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbà pé kò ṣeé ṣe láti pẹ̀rọ̀ sí ìrora láìlo àwọn oògùn yìí, pé ó sì pọn dandan kí àwọn orílẹ̀-èdè rí i pé wọ́n wà nílẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́. À ń ṣe ọ̀kan, ìyẹn ìṣọ́, ẹ sì ṣeun. Èkejì ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò lè ṣe é. Láti 1993 tí Dókítà Anne Merriman, tó ti ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ wa níbí rí, ti dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ ní Kampala ni wọ́n ti ń ra ìyẹ̀fun mọ́fíìnì, tí wọ́n ń pò ó mọ́ omi fúnra wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì ń gbé e lọ bá aláìsàn nílé. Ní 2004, Uganda yí òfin padà kí nọ́ọ̀sì tó bá ti gba ẹ̀kọ́ pàtàkì lórí rẹ̀ lè kọ ọ́ fún aláìsàn. Uganda kò lówó tó wa. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé a kò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n níbí: ó ti pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Soyannwo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì bí a ṣe ń pẹ̀rọ̀ sí ìrora. Ní Ìdí-Àràbà, nínú Mushin kan náà, ìjọba ná owó ńlá sí ojúkò ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní 2019. Iṣẹ́ rere ni, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtànṣán kò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo aláìsàn, nígbà tí ìgò kékeré tí a fi ìyẹ̀fun àti omi ṣe lè bá wọn délé. Kò sì wọ́n. 

Nítorí náà, mo kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀yin méjèèjì lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ìkíní, tó jẹ́ olórí gbogbo wọn: ẹ má jẹ́ kí ẹrù kan tán kí pámíìtì èyí tó tẹ̀ lé e tó jáde. Ìyàwó ilé tó ń fi gáàsì dáná kì í dúró kí iná kú lábẹ́ ọbẹ̀ kó tó gbé sílíńdà jáde. Ó ń gbé e mì wò. Ẹ gbé ti Òṣòdì mì wò. Kí ó wà nínú ìwé òfin iṣẹ́ pé nígbà tí mọ́fíìnì tó wà nílẹ̀ bá ku ti oṣù mẹ́fà, ìwé ìbéèrè tuntun gbọ́dọ̀ ti wà lórí tábìlì, kí ọjọ́ tí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan lè fi di fáìlì náà mú sì ní òǹkà. Bí ọ̀gá kan bá rìnrìn àjò, kí ẹlòmíràn láṣẹ láti fọwọ́ sí i. Bí owó ọdún ìṣúná kò bá tíì jáde, kí owó oògùn yìí ní àpò tirẹ̀ tí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìrora kì í dúró de ìṣúná.

Èkejì, iye tí ẹ ń kọ ránṣẹ́ sí Vienna. Ẹ ka aláìsàn, ẹ má ka ìgò tí a lò lọ́dún tó kọjá. Ìlànà wà nílẹ̀. Ọdún 2017 ni ìjọba fọwọ́ sí ètò orílẹ̀-èdè lórí oògùn tí a ń ṣàkóso, ohun tí mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún wà nínú ẹ̀mí ètò náà. Ẹ ní àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ, ẹ mọ iye ọmọ tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń dá lóró, ẹ mọ iye àwọn tí iná jó àti àwọn tí mọ́tò kọlù. Ẹ fi wọ́n ṣírò. Bí ìṣírò tọdún yìí bá sì ti kéré, ẹ kọ àfikún, nítorí ìgbìmọ̀ náà gbà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ pín ilé ìkóògùn náà. Kí apoògùn Sókótó má máa wá sí Èkó torí páálí kan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa kéde lóṣooṣù iye tó wà nílẹ̀ àti ilé ìwòsàn tó ní i. Ká ní mo mọ ibi tó wà, bó ṣe Kano ni, mà bá lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ bá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, jókòó. Kí nọ́ọ̀sì tó gbé ìgò mọ́fíìnì dání pẹ̀lú ìwé dókítà má bẹ̀rù ẹ̀ṣọ́ lójú ọ̀nà, kí dókítà má sì máa rò pé orúkọ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè bí ìgò kan bá sọnù. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn pé ẹ̀rù bíbà àti ìṣọ́ra kì í ṣe ohun kan náà.

Mo fi ọ̀wọ̀ sọ èyí tó kù, ẹ má sì kà á sí ìwọ̀sí. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún èmi àti ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tó wà nínú ìwé ìjọba, ọjọ́ méje ló sì fún ọ́fíìsì láti dáhùn. Èmi àti àwọn ìdílé kan tí ojú wọn ti rí ohun tí ojú mi rí ti ń pàdé nínú yàrá ìjókòó mi lọ́jọ́ Sátidé. Lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà tó ń bọ̀, a máa kọ̀wé béèrè iye tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí Vienna, ọjọ́ tí pámíìtì tó kẹ́yìn jáde, ọjọ́ tí wọ́n ti béèrè fún un, àti iye tó wà ní Òṣòdì. Èsì tí ẹ bá fún wa la máa tẹ̀ jáde, bó bá dára, a máa yìn yín ní gbangba. Bí èsì kò bá wá, a máa gbé ìbéèrè kan náà lọ sí ilé ẹjọ́ àti sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, a ó sì mú ìwé tí àwọn ẹbí wa fi ń kọ wákàtí oògùn sílẹ̀ dání. Àwa kò lówó agbẹjọ́rò ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ti fẹ̀yìn tì, àyè gba wa.

Ìwé ti àbúrò mi wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni, aláwọ̀ búlúù. Òun fúnra rẹ̀ ló fàlà sí i: aago méjì, mẹ́fà, mẹ́wàá, tọ̀sán tòru. Ó fi àmì sí gbogbo èyí tó mu. Lójú ewé kẹta ni àmì náà ti dúró, ṣùgbọ́n ó ti fàlà sí ojú ewé mẹ́rin mìíràn sílẹ̀.

 

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Apoògùn kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìlúpéjú, Èkó.